Gbèsè Stacey Abrams, gbèsè Brian Kemp: ṣé ẹni tó jẹ gbèsè lè ṣe gómìnà?

#1 Àkànní Lithonia
Ẹ kú ọjọ́ Àìkú o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ṣẹlẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ kan lánàá ní Lithonia níbí, ní ìpínlẹ̀ Georgia l'Amẹ́ríkà, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi.

Bàbá kan tá a jọ jókòó, ọ̀rẹ́ bàbá mi ni wọ́n, wọ́n ní àwọn ò dìbò fún Stacey Abrams rí, ní 2018 àti ní 2022, kì í ṣe torí ẹgbẹ́ òṣèlú, torí pé onígbèsè ni. "Ẹni tó máa dáṣọ fúnni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò." Gbogbo ìdí tábìlì ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Èmi nìkan ni mo ní rárá, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ dáadáa torí ọjọ́ orí wọn, àti torí pé ìrẹsì kún ẹnu mi.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé: Abrams ló ṣáájú ọmọ ẹgbẹ́ Democrat nílé aṣòfin Georgia tẹ́lẹ̀, agbẹjọ́rò tó kàwé ní Yale ni. Ní oṣù Kẹrin 2018, nígbà tó ń díje fún ipò gómìnà, òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Fortune pé gbèsè tó wà lọ́rùn òun lé ní 200,000 dọ́là. Nǹkan bí 54,000 nínú rẹ̀ jẹ́ owó orí tí kò tíì san fún IRS, àjọ agbowó-orí ìjọba àpapọ̀. Ìyókù, tó lé ní 170,000, owó tó yá fi kàwé àti ti kírẹ́díìtì káàdì ni. Ó ní òun sún owó orí síwájú torí ìnáwó ẹbí: òbí òun méjèèjì, pásítọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, ń tọ́ ọmọ-ọmọ wọn, jẹjẹrẹ tún mú bàbá òun. Ọmọ kejì nínú ọmọ mẹ́fà ni obìnrin yìí.

Ìbéèrè mi nìyí. Nínú gbogbo àwa tá à ń ka ibí yìí, ta ni kò jẹ irú gbèsè yẹn rí? Tó bá jẹ́ pé ẹni tó jẹ ẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe gómìnà, ta ló kù?

#2 Kọ̀ǹdó
Àwọn olówó ló kù. Ọ̀rọ̀ ti tán, ẹ jẹ́ ká lọ sùn.

#3 Ìyá Ìbejì (Stone Mountain)
Àkànní, o ṣeun. Èmi kì í sábà kọ nǹkan síbí, kíkà ni mo máa ń kà.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ní 2015, àìsàn kíndìnrín mú bàbá mi nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún yẹn náà ni àbúrò mi wọ yunifásítì, ìjì sì ṣí òrùlé ilé ìyá mi. Ta ni wọ́n máa pè? Káàdì mẹ́rin ni mo lò dé góńgó. Mo ń fi ọ̀kan san òmíràn. Ìgbà tí ojú mi fi máa là, ó ti di 38,000 dọ́là. Mi ò ra mọ́tò, mi ò lọ Dubai, kò sí báàgì kan nílé mi tó lé ní ọgọ́ta dọ́là. Ọkọ mi gan-an ò mọ iye rẹ̀ títí di ọjọ́ tá a fẹ́ ra ilé, tí wọ́n tẹ orúkọ mi sínú kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ tí mo ka ohun tí obìnrin yẹn kọ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru ni, inú ọkọ̀ ni mo wà níbi ìgbọ́kọ̀sí. Mo sunkún. Ẹni ńlá kan jáde, ó ní iye báyìí ni mo jẹ. Àwa kì í sọ iye. A máa ń ní "nǹkan le díẹ̀ ni."

Ibì kan ni mo ti bá a jà lọ́kàn, owó orí. Tiwa tá à ń gbowó iṣẹ́, wọ́n ti yọ tìjọba kó tó kàn wá. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ ka ti ìjọba sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n owó tó wà lọ́wọ́ èèyàn, tí ìyá rẹ̀ wá ń pè lórí fóònù, ó ṣòro kéèyàn máa pè é ní owó ìjọba.

#4 Ọmọ Ẹ̀gbá (Houston)
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n Àkànní fo ibì kan, ó sì mọ̀ pé òun fò ó.

Lásìkò tí obìnrin yìí jẹ IRS ní 54,000, ó yá ìpolongo ara rẹ̀ ní 50,000 dọ́là. Ẹ tún un kà. Ṣé àìsàn bàbá ló fa ìyẹn náà? Olówó ń lé e bọ̀, ó rí owó, ó wá gbé e lé orí ìbò. Tó bá jẹ́ ọmọ ìyá mi ló ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní yá a ní kọ́bọ̀ mọ́. Ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Bàbá Lithonia ò jẹ̀bi.

#5 Àkànní Lithonia
Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni, mo fò ó. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa mú mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gbèjà díẹ̀. Nígbà yẹn, ó ti bá IRS ṣe àdéhùn, ó ń san án díẹ̀díẹ̀. Òfin Georgia gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó wà nínú ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà pé ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá ti fìdí ẹ̀ múlẹ̀ tán pé ó jẹ owó orí kò lè di ipò mú, àfi tó bá san án tán, tàbí tó bá ti ń san án lábẹ́ àdéhùn. Ilé-ẹjọ́ kankan ò dá a lẹ́jọ́, ó sì tún ń san. Lójú òfin, ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Èyí tí bàbá yẹn ò sì sọ rárá, tí gbogbo ìdí tábìlì ò sọ, ni ti Brian Kemp, ọmọ ẹgbẹ́ Republican tí wọ́n jọ díje. Ọdún 2018 yẹn kan náà, olókòwò kan pe Kemp lẹ́jọ́, ó ní 500,000 dọ́là tóun yá ilé-iṣẹ́ kan tó ń fún òróró lára èso, tí Kemp náà fi owó sí, Kemp ló ṣe onídùúró rẹ̀, kò sì san án. Ìdajì mílíọ̀nù o! Ìyẹn ju ìlọ́po méjì gbèsè Abrams lọ. Kò sí ẹni tó pe Kemp ní onígbèsè níbi ìsọmọlórúkọ. "Oníṣòwò" ni wọ́n pè é. Òun ló sì wọlé, ìbò tí kò tó 55,000 ló fi jù ú lọ nínú nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́rin.

#6 Túndé Peckham
Kí lẹ ń ro ẹjọ́ gbèsè fún, ní orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé Trump ti wọko gbèsè lẹ́ẹ̀mẹfà, tí wọ́n sì tún fi ṣe ààrẹ lẹ́ẹ̀mejì? 😂

#7 Òṣìṣẹ́ Báńkì
Túndé, rọra. Trump fúnra rẹ̀ ò wọko gbèsè níwájú ilé-ẹjọ́ rí. Àwọn ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ilé tẹ́tẹ́ Taj Mahal ní Atlantic City ló kọ́kọ́ lọ ní 1991, mẹ́ta tẹ̀ lé e ní 1992, ọ̀kan ní 2004, ọ̀kan ní 2009. Ìyàtọ̀ ńlá ni, òun gan-an ni gbogbo iṣẹ́ tí à ń ṣe ní báńkì dúró lé. Tó o bá forúkọ ilé-iṣẹ́ yáwó, tí ilé-iṣẹ́ kú, gbèsè bá a kú. Tó o bá forúkọ ara rẹ dúró fún un, gbèsè máa tẹ̀ lé ọ dé ilé, á bá ọ jẹun.

Trump náà sì dúró fún púpọ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù dọ́là ló fọwọ́ sí fúnra rẹ̀. Ìgbà tó di 1990 tí kò rí i san, kí ni àwọn báńkì ṣe? Wọ́n jókòó, wọ́n bá a ṣe àdéhùn, wọ́n ní kó má ná ju 450,000 dọ́là lọ lóṣù. Ẹ gbọ́ mi yé: onígbèsè ni wọ́n ń fún ní ìwọ̀n ìnáwó yẹn. Gbèsè kékeré, ìwọ lo ni wàhálà. Gbèsè ńlá, báńkì ló ni í. Mo ti rí i lójú ara mi nílé: ẹni tó jẹ 80,000 náírà, a ti pè é lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó di ọ̀sán, ẹni tó jẹ bílíọ̀nù méjì, ọ̀gá wa ló lọ bá a ṣe ọjọ́ ìbí.

#8 Ìyá Aláṣọ Agége
Ẹ káàárọ̀ o. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.

Àwa níbí ò mọ Abrams. Ṣùgbọ́n a mọ gbèsè. Gbogbo àwa obìnrin tá a wà ní láìnì aṣọ yìí, kò sí ẹni tí kò gba gbómúlélántà rí. Ọ̀sẹ̀ tó o gbà á ni sísan ti bẹ̀rẹ̀, kó o tíì tà, kó o má tíì tà. Bí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ò bá rí tiẹ̀ san, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa dá a. A máa jókòó sí ìta ilé rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyá mi ní ológò ni wọ́n ń pe irú wa láyé àtijọ́, ẹni tí olówó rán lọ dógò ti onígbèsè, tó máa jókòó síwájú ilé, tó máa bú u, tó máa pa adìyẹ rẹ̀ jẹ.

Ní báyìí, inú fóònù ni ológò wà. Àbúrò ọkọ mi gba 15,000 lórí fóònù, ó pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù rẹ̀ pé olè ni. Títí kan pásítọ̀ rẹ̀. Títí kan obìnrin tó fẹ́ fẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín: obìnrin yẹn jẹ gbèsè, ó dáa. Ta ló wá bá a san án?

#9 Kọ̀ǹdó
Ìyá, ẹ̀yin lẹ̀ bá jẹ́ alága ètò yìí.

#10 Agbẹjọ́rò Mọ́kọ́lá
Ìbéèrè Ìyá Agége ni ojú ọ̀rọ̀, màá padà sí i. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí lábẹ́ òfin tiwa, torí mo rí i pé àwọn kan rò pé onígbèsè ò lè díje ní Nàìjíríà.

Ìwé òfin 1999 sọ ọ́ níbi mẹ́rin: abala 66 fún ilé aṣòfin àpapọ̀, 107 fún ti ìpínlẹ̀, 137 fún ààrẹ, 182 fún gómìnà. Kò sọ pé ẹni tó bá jẹ gbèsè. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ ti kéde pé ó wọko gbèsè, tí ilé-ẹjọ́ kò sì tíì tú u sílẹ̀, ni ó sọ. Ẹ wo bí ilẹ̀kùn yẹn ṣe fún tó. Olówó á kọ́kọ́ gba ìdájọ́. Á fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́. Á gbé ẹ̀bẹ̀ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀, òun nìkan ni abala 251 fún lágbára ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á fi dúkìá sábẹ́ alákòóso. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni ìkéde. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó lé ní ogún ọdún, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo bá oníbàárà dé ìdajì ọ̀nà náà, ó sì sú u. Olówó tiwa kì í wá oyè onígbèsè fún ẹnikẹ́ni, owó rẹ̀ ló ń wá. Ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ló ń lọ, tàbí kó gba ilẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní 2015, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báńkì máa tẹ orúkọ ajẹgbèsè ńláńlá jáde nínú ìwé ìròyìn láti oṣù Kẹjọ, ojú ewé kún, ariwo sọ. Lójú òfin ìbò, kò pa ẹnì kankan lára. Orúkọ inú ìwé ìròyìn kì í ṣe ìkéde ilé-ẹjọ́.

#11 Túndé Peckham
Ọ̀gá agbẹjọ́rò, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá jẹ́ ìlú ọba ni wọ́n ti kéde èèyàn ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ni o, kì í ṣe èmi.

#12 Agbẹjọ́rò Mọ́kọ́lá
Ọ̀rẹ́ rẹ, mo gbọ́.

Abala 137 àti 182 fi kún un: lábẹ́ òfin Nàìjíríà "tàbí ti orílẹ̀-èdè mìíràn." Nítorí náà tí London bá kéde rẹ̀, kó má rò pé òun máa wá ṣe gómìnà Ọ̀ṣun lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n kó fọkàn balẹ̀: ní England, ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń fi tú èèyàn sílẹ̀. Tí wọ́n bá ti tú u sílẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí. Lọ́hùn-ún gan-an, láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe òfin 2002, wíwọko gbèsè lásán kì í lé ọmọ ilé aṣòfin jáde mọ́. Àfi tí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ó hùwà àìṣòótọ́ tàbí àìbìkítà nínú ọ̀rọ̀ náà, tó sì fi àṣẹ ìdènà pàtàkì lé e. Wọ́n ya ẹni tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí kúrò lára ẹni tó ń rẹ́ni jẹ. Ó wù mí ká nírú rẹ̀.

#13 Túndé Peckham
Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ ṣeun.

#14 Arìnrìnàjò
Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, Singapore sì wà lára ibi tá a máa ń gúnlẹ̀ sí. Ẹ máa ṣọ́ra fún òfin tó ń lé onígbèsè kúrò nínú òṣèlú. Ó dára létí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n fi ṣe níbẹ̀.

J. B. Jeyaretnam ni ọmọ ẹgbẹ́ alátakò àkọ́kọ́ tó wọlé ìbò sílé aṣòfin Singapore látìgbà tí wọ́n ti gbòmìnira, ní 1981, ní Anson. Àwọn olórí ìjọba ń pè é lẹ́jọ́ ìbanilórúkọjẹ́, ilé-ẹjọ́ ń bu owó ìtanràn lé e. Ẹjọ́ yìí tán, òmíràn dé. Ní 2001 kò rí èyí tó kàn san lásìkò, wọ́n kéde pé ó wọko gbèsè, ìjókòó rẹ̀ nílé aṣòfin lọ. Agbẹjọ́rò tí orí ti funfun wá ń dúró létí ọ̀nà, ó ń ta ìwé tó fúnra rẹ̀ kọ fún àwọn tó ń kọjá. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ó di 2007 kó tó san án tán, tí wọ́n tú u sílẹ̀. Ní 2008 ó dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn.

Chee Soon Juan náà, olóṣèlú alátakò mìíràn: ilé-ẹjọ́ ní kó san 500,000 dọ́là Singapore fún Lee Kuan Yew àti Goh Chok Tong, ẹni méjèèjì tó ti ṣe olórí ìjọba. Kò rí i san, wọ́n kéde rẹ̀ ní 2006, ìbò 2006 kọjá lórí rẹ̀, ti 2011 kọjá. Ní 2012 wọ́n gbà kó san 30,000 kó máa lọ. Ẹ ò rí i? Gbèsè ìdajì mílíọ̀nù tó di 30,000 lẹ́yìn ìbò méjì. Mi ò rò pé owó ni wọ́n ń wá.

#15 Ọmọ Ẹ̀gbá (Houston)
Arìnrìnàjò, ìyẹn yàtọ̀. Ìtanràn ẹjọ́ kì í ṣe gbèsè kírẹ́díìtì káàdì.

#16 Arìnrìnàjò
Òfin tó mú un ò mọ ìyàtọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ohun tí mo ń sọ nìyẹn.

#17 Òṣìṣẹ́ Báńkì
Ìbéèrè Ìyá Agége ò jẹ́ kí n sùn lálẹ́ àná. "Ta ló wá bá a san án?"

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn. William McKinley, gómìnà Ohio. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Youngstown tó ti ràn án lọ́wọ́ nígbà kan rí bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe onídùúró owó tóun fẹ́ yá. McKinley ń fọwọ́ sí ìwé. Ó ń fọwọ́ sí ìwé lọ ni, kò ka iye rẹ̀. Ní 1893 ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, iṣẹ́ ọ̀rẹ́ náà ṣubú. McKinley rò pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún díẹ̀ ni òun dúró fún; nígbà tí wọ́n kà á pọ̀, ó tó nǹkan bí 130,000 dọ́là, owó ayé ìgbà náà o. Ìyàwó rẹ̀, Ida, ní òun fi gbogbo ohun tí òun jogún sílẹ̀.

Àwọn ará ìlú ò bínú sí i rárá. Ṣe ni wọ́n ń káàánú rẹ̀, torí ta ni kò tíì dúró fún ọ̀rẹ́ rí? Oṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún un dìbò yàn pẹ̀lú ìbò rẹpẹtẹ. Ní 1896 wọ́n dìbò yàn án sí ipò ààrẹ.

Ó dáa. Ta ló san án? Mark Hanna, ọlọ́rọ̀ ilé-iṣẹ́ irin àti èédú ní Cleveland, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n dá owó, wọ́n pa gbèsè rẹ́. Hanna yẹn kan náà ló darí ìpolongo rẹ̀ ní 1896, tó ń gbowó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Àwọn ayàwòrán-ẹ̀fẹ̀ ìgbà náà máa ń ya McKinley bí ọmọdé, Hanna ló ń fà á lọ́wọ́.

Èmi ò mọ̀ bóyá Hanna rán an níṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ báńkì, mo mọ̀ pé nígbà tí gbèsè bá "parẹ́," kì í parẹ́. Ó ti pààrọ̀ olówó ni.

#18 Ìyá Aláṣọ Agége
Ìwọ̀fà.

#19 Kọ̀ǹdó
Ìyá, ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ìlú òyìnbó.

#20 Ìyá Aláṣọ Agége
Bàbá ìyá mi ṣe ìwọ̀fà rí, ìyá mi ló sọ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú, wọ́n fẹ́ sìnkú, kò sí owó. Wọ́n yá a lọ́wọ́ olóko kòkó kan, wọ́n fi bàbá mi àgbà sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóko ẹni yẹn láràárọ̀. Iṣẹ́ yẹn, èlé ni. Owó tí wọ́n yá ò dín ní kọ́bọ̀. Tó bá fi ọdún mẹ́wàá ṣiṣẹ́, iye tí wọ́n yá náà ló kù. Ọjọ́ tí ẹbí bá kó owó náà wá pé, ọjọ́ yẹn ló tó lọ.

Ẹni tí ẹ fi ṣe gómìnà, tí ẹlòmíì san gbèsè fún, oko ta ló ń ro láràárọ̀?

#21 Àkànní Lithonia
Ìyá, ẹ ti pa mí. Mo fẹ́ kà á fún bàbá yẹn.

#22 Agbẹjọ́rò Mọ́kọ́lá
Mo ní màá padà. Ẹ ẹ̀ rí i pé ìyá ti sọ ọ́ tán kí n tó dé.

Ní Ìbàdàn níbí, a rí i ní gbangba. Ẹ rántí Gómìnà Rashidi Ladọja ti Ọ̀yọ́ àti Alhaji Lamidi Adédibú, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí báńkì nínú ẹ̀, kò sí ìwé àdéhùn tí èèyàn lè gbé lọ sílé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí àárín wọn dàrú, Adédibú sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn láìfi bò: owó ààbò tí Ladọja ń gbà lóṣù jẹ́ mílíọ̀nù 65 náírà, ó yẹ kó máa fún òun ní 15 nínú rẹ̀, kò sì fún òun. Bí olówó tó ń ka èlé rẹ̀ ló ṣe sọ ọ́! Ní oṣù Kìíní 2006 wọ́n yọ Ladọja nípò. Ó tó oṣù Kejìlá kí ilé-ẹjọ́ tó ga jù tó dá a padà. (Òun náà ló wá di Olúbàdàn ní 2025, ayé ń yí.) Gbèsè yẹn, kò sí abala òfin kan tó kàn án. Abala 182 ń ṣọ́ ilẹ̀kùn iwájú, ẹ̀yìnkùlé ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Fọ́ọ̀mù lásán ńkọ́? Ní 2014, Buhari ní mílíọ̀nù 27 àti ààbọ̀ tí APC ń ta fọ́ọ̀mù ààrẹ wọ́n, pé òun pe ọ̀gá báńkì òun láàárọ̀ kùtù pé bó bá jẹ́ pé òun ti jẹ gbèsè tàbí òun kò jẹ, kí wọ́n ṣáà san án. Àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ní 2022 fọ́ọ̀mù yẹn kan náà ti di 100 mílíọ̀nù. Ẹgbẹ́ yòówù tí olóṣèlú bá wà, á ní "àwọn alátìlẹ́yìn" ló bá òun rà á. Ó wù mí kí ẹnì kan jáde bí Abrams kó ní: iye tí mo jẹ rèé, ẹni tí mo jẹ rèé. Mi ò tíì rí i.

#23 Ọmọ Ẹ̀gbá (Houston)
Mo gbà fún yín níbì kan, mi ò gbà níbòmíì.

Mo gbà pé gbèsè Abrams, a mọ ẹni tó jẹ: IRS, báńkì, owó ilé-ìwé. Kò sí Hanna kankan níbẹ̀. Olówó ilé-ìwé ò lè ní kó fún òun ní iṣẹ́ kọngílá.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ọ́ di ẹni mímọ́ fún mi. Ìwé tó fi sílẹ̀ ní 2018 ní gbogbo ohun ìní rẹ̀, tá a bá yọ gbèsè, jẹ́ 109,000 dọ́là. Ní 2022, ó ti di mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀. Kò wọlé ìbò o. Ìwé tó kọ àti ọ̀rọ̀ tó ń lọ sọ níbi àpéjọ ló san gbèsè náà, owó ọwọ́ rẹ̀ ni, kò jí ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé òkìkí ìbò tó pàdánù ló sọ ọ́ di olówó. 50,000 tó gbé lé orí ìbò nígbà tó jẹ IRS? Tẹ́tẹ́ náà jẹ. Tí kò bá jẹ ńkọ́? Ìyá Ìbejì ò lè ta irú tẹ́tẹ́ yẹn.

#24 Ìyá Ìbejì (Stone Mountain)
Ọmọ Ẹ̀gbá, òótọ́ lẹ sọ. Mi ò lè ta á. Mo fi ọdún mẹ́fà àti iṣẹ́ òru san tèmi tán ni. Ọjọ́ tí mo san èyí tó kẹ́yìn, mo pe ìyá mi, mo ní, "Màámi, mo ti san án tán." Wọ́n ní, "Kí lo san?" Wọn ò mọ̀ pé mo jẹ gbèsè kankan.

Mo ṣì máa dìbò fún un.

#25 Kọ̀ǹdó
Wọ́n ní Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà ayé àtijọ́, náà jẹ gbèsè. Òótọ́ ni?

#26 Òṣìṣẹ́ Báńkì
Òótọ́ ni. Òun àti Berry ẹnìkejì rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù ní New Salem, ṣọ́ọ̀bù náà kú, Berry náà kú ní 1835, gbèsè di ti Lincoln nìkan. Wọ́n gba ẹṣin rẹ̀ àti irinṣẹ́ tó fi ń wọn ilẹ̀, wọ́n gbé wọn sí gbàǹjo. Ọ̀rẹ́ kan ló rà wọ́n, tó gbé wọn padà fún un. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi gbèsè náà ṣàwàdà, "gbèsè orílẹ̀-èdè" ló ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi san án. Inú gbèsè yẹn ló ti kọ́kọ́ wọlé sílé aṣòfin Illinois ní 1834.

#27 Àkànní Lithonia
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo lọ sí ilé bàbá yẹn lánàá. Mo ka ibi tí Ìyá Agége ti sọ ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà fún wọn, mo ka ti McKinley. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní kí n tún ti onídùúró yẹn kà.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ní 1996, nígbà tí eré Olympics fẹ́ wá sí Atlanta, gbogbo ìlú ló ń sọ pé owó ń bọ̀. Bàbá yìí fẹ́ ra takisí méjì, orúkọ wọn ò lè gbé e. Bàbá mi ló fọwọ́ sí i fún wọn. Olympics wá, ó fi ọ̀sẹ̀ méjì àti díẹ̀ ṣe, ó lọ. Àwọn èrò lọ. Takisí méjì wà nílẹ̀, owó oṣù ń wọlé. Oṣù mọ́kànlá gbáko ni bàbá mi fi san owó mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé wa. Mo rántí ọdún yẹn dáadáa, torí ọdún yẹn ni wọ́n ní a ò ní lè lọ sílé fún Kérésìmesì, pé tíkẹ́ẹ̀tì ti wọ́n.

Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà jẹ gbèsè nígbà yẹn." Wọ́n ní, "Èmi ò díje fún gómìnà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní kí n má kọ ọ́ síbí o.

#28 Kọ̀ǹdó
Ṣé wọ́n san án padà?

#29 Àkànní Lithonia
Wọ́n san án. 2003, gbogbo ẹ̀ pátá. Wọ́n ní títí dòní olónìí, ìyàwó àwọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ takisí yẹn rí.

#30 Ìyá Ìbejì (Stone Mountain)
Àkànní, yọ ọ́ kúrò kíákíá. Ìyàwó wọn wà níbí. Wọ́n ń ka ibí yìí.